Ẹni Tó Ń Lọ Wẹ Ọmọ

"Tùrísìtì! Èmi Euphrasie, ìyá Odile, ni ẹ ní kí n di tùrísìtì! Akọ̀wé, ṣé orí yín pé?"

Bí Ìyá Odile ṣe lọgun ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu nídìí àpáta fọ́n ká. Èlùbọ́ ló ń sá lórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn ilé wọn ní Ìdáàṣà. Ó ti ká aṣọ mọ́ orúnkún, ó di ìgbálẹ̀ mú, òógùn sì ń ṣàn lójú rẹ̀. Ẹni tó ń bá wí dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó há àpò aláwọ mọ́ abíyá. Zéphirin ni, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ti ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì kọmándà nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba. Ìyá Odile kò pe orúkọ náà rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé. Akọ̀wé ló ń pè é, ẹ̀yin ló sì fi ń bọ̀wọ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọjọ́ orí jù ú lọ.

"Ẹ má bínú, Ìyá Odile," ni Zéphirin wí. "Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà méjì ló wà tí a lè gbà rí fíìsà yìí. Bí ẹ kò bá fẹ́ ti tùrísìtì, ẹ gba èkejì."

"Èkejì! Ẹ tún lẹ́nu àtidárúkọ èkejì lójú mi! Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n sá èlùbọ́ mi tán kí n tó ya wèrè."

Ìyá Odile mọ ohun tí ń jẹ́ tùrísìtì. Ta ni kò mọ̀ wọ́n ní Ìdáàṣà? Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni òyìnbó máa ń wá gun àwọn òkè ibẹ̀. Wọn kò ní oko lórí rẹ̀, ẹran wọn kò sọnù síbẹ̀, wọn kò sì bọ ohunkóhun níbẹ̀. Wọ́n á gùn ún dókè, wọ́n á wò yàn-ìn, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti ká a mọ́ ẹ̀yìnkùlé rí níbi tó ti ń fọ ẹsẹ̀, kò kí i, kò bèèrè, ó gbé ẹ̀rọ sójú, ó ya fọ́tò rẹ̀. Ìyá Odile da omi ẹsẹ̀ náà lù ú. Láti ìgbà náà, ọmọ tó bá jókòó nílé tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́, "ìwọ tùrísìtì yìí" ni Ìyá Odile fi ń bú u.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lẹ́bi, kó gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, nítorí ó ju èje lọ. Odile, àkọ́bí rẹ̀, ló fẹ́ Léonard, ọmọ Kèrè kan nítòsí Ìdáàṣà, tó mọ̀wé, tó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní òkè òkun. Kì í ṣe ilẹ̀ Faransé. Bó bá jẹ́ Faransé ni, ọmọ Dàhòmì kàn máa wọkọ̀ lọ ni láyé ìgbà yẹn. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni, tó ní òǹtẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní fíìsà, ẹni tí kò bá ní in kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn.

Ọdún tí Odile bá a débẹ̀ ló bímọ. Ọsibítù ní kó máa lọ sílé. Léonard wà ní ilé-ìwé láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ta ni yóò bá a gbé omi kaná? Ta ni yóò fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ níkùn? Ta ni yóò tẹ́ ọmọ sórí itan, kó fi òrí pa á lára, kó nà án lápá, kó nà án lẹ́sẹ̀, kó sì tètè mọ̀ pé ara ọmọ yìí ti gbóná jù? Kò sẹ́nì kan. Ibà dá Odile dùbúlẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí ibà náà mú ọmọ. Nígbà tó fi máa gbé orí sókè, ọmọ ti lọ. Inú ilẹ̀ olótùútù yẹn ni wọ́n sin ín sí, kò sí àgbà ilé kan níbẹ̀.

Odile ti tún lóyún báyìí, ikùn sì ti wọ oṣù rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sílé pé: "Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí n tún dá nìkan wà pẹ̀lú ọmọ tuntun. Ẹ̀rù ń bà mí." Léonard ti ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú ránṣẹ́. Pásípọ̀ ti wà nílẹ̀. Fíìsà nìkan ló kù, fíìsà yìí náà ló sì fẹ́ sọ Ìyá Odile di aṣiwèrè.

Wọ́n ti lọ sí Kútọnu lẹ́ẹ̀kan, òun àti Zéphirin. Òyìnbó tó jókòó lẹ́yìn fèrèsé ní ọ́fíìsì fíìsà bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe. Ìyá Odile fi gbogbo ẹnu dáhùn pé: "Mo fẹ́ lọ wẹ ọmọ." Ìdáhùn wo ló tún dára ju èyí lọ? Bí obìnrin bá ní òun ń lọ wẹ ọmọ, gbogbo ará ọ̀nà ní í máa kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò gbọ́ ju Yorùbá inú ọjà lọ. Ó yí i sí Faransé pé ó fẹ́ lọ máa fọ ọmọ. Òyìnbó bá bi í pé, ojoojúmọ́ ńkọ́, kí ni yóò máa ṣe? Ìyá Odile kà á sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín: yóò gbé omi kaná, yóò wẹ ìyá, yóò wẹ ọmọ, yóò fọ aṣọ wọn, yóò se ọbẹ̀ ata tí ń fa ẹ̀jẹ̀ búburú jáde nínú abiyamọ.

Òyìnbó gbọ́ tán, ó mi orí. Ó ní iṣẹ́ ni gbogbo ìyẹn. Ó ní àwọn obìnrin kan wà ní ìlú òun tí wọ́n ń sanwó fún láti ṣe é. Àlejò kì í ṣiṣẹ́. Bó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kó lọ mú ìwé iṣẹ́ wá. Zéphirin ṣàlàyé títí pé ìyá tó bí abiyamọ náà ni. Òyìnbó ní ìyẹn kò yí ohunkóhun padà.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wọn padà ni Zéphirin tó lè sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àfi bí ẹni pé ó fọ́ ọ létí. "Ṣé wọn kì í bímọ níbẹ̀ ni? Àbí inú ìgbẹ́ ni wọ́n ti ń ṣa ọmọ wọn? Ìyá kì í wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀?" Ó ń pariwo, àwọn èrò inú ọkọ̀ ń wò ó, títí wọ́n fi dé ibùdókọ̀ ojú irin Paouignan, tí ìyá alágbàdo kan fi gba ojú fèrèsé bá a kẹ́dùn láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà méjì tí Zéphirin ń wí nìyí o. Èkíní: kí Ìyá Odile sọ pé fàájì lòun ń lọ ṣe, pé òun fẹ́ wo ìlú, kó má sì mẹ́nu kan aboyún, kó má mẹ́nu kan ọmọ. Òyìnbó ìjọ́sí ti lọ fún ìsinmi, ẹlòmíràn tí kò mọ̀ wọ́n ló wà níbẹ̀. Èkejì: Léonard ti kọ ìwé iṣẹ́ ránṣẹ́, ó sì ti lọ gba òǹtẹ̀ ìjọba ibẹ̀ sí i. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé òun Léonard gba obìnrin kan tí ń jẹ́ Euphrasie síṣẹ́, kó wá ṣe bọ́ọ̀nù nínú ilé òun.

Bọ́ọ̀nù! Ọmọ-ọ̀dọ̀! Èyí tí ń gbálẹ̀ ilé òyìnbó ní Kútọnu, tí wọ́n ń lu agogo pè! Àna tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀ kí wọ́n tó fa ọmọ lé e lọ́wọ́, òun ló wá fẹ́ gba ìyá ìyàwó rẹ̀ síṣẹ́ yìí. Ẹ gbà mí!

Nígbà tí Cosme, ọkọ rẹ̀, ti oko Kpingni dé lọ́jọ́ náà, Zéphirin sọ ọ̀nà méjèèjì fún un. Cosme kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

"Léonard kì í ṣe ọmọ burúkú," ni Zéphirin wí. "Ohun tí ìlú ibẹ̀ bèèrè ló ṣe. Orúkọ lásán ni, inú ìwé ló máa wà."

"Inú ìwé ni orúkọ ti ń pẹ́ jù," ni Cosme dáhùn. "N kò ní gbọ́ ọ létí mi láéláé pé ọmọ tí mo fún níyàwó gba ìyàwó mi ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀. Wọn yóò gbọ́ ọ ní Kèrè. Wọn yóò fi kọrin. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Kó di tùrísìtì. Irọ́ kékeré nìyẹn."

"Irọ́ kékeré!" ni Ìyá Odile wí. "Bàbá Odile, ọmọ mi fẹ́ rọbí, mo ní fàájì ni mò ń lọ ṣe! Kí ni wọn yóò pe ìyá bẹ́ẹ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́, èmi wá ní òkè ni mo wá wò, bíi ti àwọn wèrè tí ń ya fọ́tò ẹsẹ̀!"

"Ṣé o máa ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ àna rẹ ni?"

Ìyá Odile mi orí. Kò lè ṣe é. Lóòótọ́ ni, inú bí i sí ọ̀rọ̀ tùrísìtì, ṣùgbọ́n ti bọ́ọ̀nù yìí ń gbóná nínú rẹ̀ ju ti tùrísìtì lọ. Obìnrin tó kọ́ ilé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, tó ń ta èlùbọ́ dé Kútọnu, tí àwọn ìyàwó ilé ń kúnlẹ̀ kí! Ó ní kò burú, òun gba ti tùrísìtì. Kí wọ́n má ṣáà ní kí òun rẹ́rìn-ín.

Bí Zéphirin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nìyẹn. Ní ìròlẹ́, yóò jókòó síwájú rẹ̀ bí òyìnbó, yóò dijú pọ̀.

"Kí ni ẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀, Màdáàmù?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá."

"Kí tún ni?"

"Omi tí ń tú sókè láàárín ìgboro."

"Kí tún ni?"

"Mùsée."

"Kí ló wà nínú mùsée?"

"Ẹrù tí wọ́n kó nílé onílé."

"Ìyá Odile! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ sọ pé nǹkan àtijọ́!"

"Nǹkan àtijọ́ tí wọ́n kó nílé onílé," ni Ìyá Odile wí, ó sì ń fi ọmọrí ìkòkò na ilẹ̀. "Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n padà sí Kútọnu ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Zéphirin mú ìwé òtẹ́ẹ̀lì tí Léonard fi ránṣẹ́, kó lè dà bí ẹni pé tùrísìtì kò mọ ẹnì kankan. Ó tún fi ìwé iṣẹ́ sínú àpò rẹ̀, ó ní a kì í mọ̀. Ìyá Odile rí i, ó pòṣé. Kò jẹun lọ́nà. Inú rẹ̀ ti kún, kò sí ibi tí oúnjẹ máa gbà.

Òyìnbó tuntun náà jẹ́ ọ̀dọ́, ojú rẹ̀ fani mọ́ra, èyí sì tún bí Ìyá Odile nínú, nítorí èèyàn kò mọ bó ṣe lè bá ẹni tí ń rẹ́rìn-ín jà. Ògbufọ̀ náà ti yí padà. Obìnrin ará Pọ́tọ̀-Nóvò kan ni, tó gbọ́ Yorùbá bí omi, tó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń kí i. Wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́ wò. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Ó ní omi tí ń tú sókè. Ó ní mùsée, ó sì gé ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, Zéphirin mí kanlẹ̀. Òyìnbó rẹ́rìn-ín. Ó ní inú òun dùn pé àwọn ará Dàhòmì náà ti ń rìnrìn-àjò fàájì. Ó fa òǹtẹ̀ súnmọ́ ọ̀dọ̀ ara rẹ̀.

"Ó ku ìbéèrè kan, Ìyá," ni ògbufọ̀ wí. "Ó ní ṣé ẹ ní ọmọ ní ìlú àwọn? Bí ẹ kò bá ní, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́, kí n lè yí i fún un. Ẹ ṣáà sọ pé: n kò ní ọmọ níbẹ̀."

Zéphirin ti kọ́ ọ ní èyí náà. Nílé, orí ló fi ń mì dáhùn, Zéphirin sì rò pé ó ti tó. Ìyá Odile la ẹnu.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè yìí, ẹ bá mi dá a rò. Kí abiyamọ dúró lójú ọ̀sán gangan, kó fi ẹnu tó fi ń wúre fún ọmọ wí pé òun kò lọ́mọ! Kó wí i nígbà tí ìkúnlẹ̀ ọmọ náà ti súnmọ́, lẹ́yìn tó ti sin ọ̀kan! Ẹnu ìyá kì í ṣe ẹnu lásán. Bó bá sọ ọ́, tí ohunkóhun bá sì ṣe Odile, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀?

"Ìyá, ó ń retí yín," ni ògbufọ̀ wí.

Zéphirin rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Má tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀!" Ìyá Odile jágbe mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ọ́fíìsì fi yíjú sí wọn. Ó ti gbàgbé ẹ̀yin, ìwọ ló kù. "Ó tó! Ìwọ obìnrin yìí, yí i fún un dáadáa, má fi kún un, má yọ níbẹ̀. Mo ní ọmọ níbẹ̀. Ọ̀kan wà lórí ilẹ̀, ọ̀kan wà nínú ilẹ̀, ọ̀kan wà nínú ikùn. N kò bá fàájì lọ sí ibì kankan. Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní Ìdáàṣà. Òkè wà ní Ìdáàṣà. Ọmọ mi ni mò ń lọ wẹ̀, ẹ̀yin lẹ fi agbára mú mi purọ́!"

Ògbufọ̀ yí i. Ẹ̀rín kúrò lójú òyìnbó. Ó ti òǹtẹ̀ sẹ́yìn, ó sọ̀rọ̀ kúkúrú. Ògbufọ̀ ní ó wí pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, òun kò lè fún un ní ti tùrísìtì mọ́.

"N kò bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Akọ̀wé, yọ ìwé kejì."

"Ìyá Odile, ẹ̀gbọ́n mi wí pé..."

"Yọ ọ́!"

"Ó ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ikú ta ni?" ni Ìyá Odile bi í. Ó yíjú sí i pátápátá. "Dá mi lóhùn, ìwọ tó mọ̀wé. Ikú ta ni ó yá ju ẹ̀sín lọ? Ẹ̀sín náà tèmi ni. Ikú náà kì í ṣe tèmi, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọmọ ọwọ́ ni yóò kú kí ojú má baà tì yín ní Kèrè. Yọ ìwé náà jáde kí n tó fa àpò yẹn ya mọ́ ọ lọ́wọ́."

Zéphirin yọ ọ́. Òyìnbó kà á, ó wo òǹtẹ̀ ìjọba rẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí ògbufọ̀ kà á sí obìnrin náà létí, nítorí ẹni tó bá máa tẹ ìka gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ sí. Ògbufọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Euphrasie yóò ṣe bọ́ọ̀nù nínú ilé Léonard. Yóò máa gbálẹ̀, yóò máa dáná, yóò máa fọ aṣọ, yóò máa tọ́jú ọmọ. Yóò máa gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ̀ ọkùnrin àti ọ̀gá rẹ̀ obìnrin lẹ́nu. Nígbà tó dé ibẹ̀ yẹn, ohùn obìnrin náà lọ sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ta ni ọ̀gá obìnrin yìí?"

"Ọmọ tí mo bí ni."

Omi wá dúró lójú ògbufọ̀, ṣùgbọ́n kò sí omi lójú Ìyá Odile. Ìbínú ti gbẹ ẹ́. Òyìnbó bèèrè nǹkan kan pẹ̀lú ohùn kékeré. Ògbufọ̀ ní ó ń bi í bóyá òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà, nítorí òun kò fẹ́ irọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Òótọ́ ni," ni Ìyá Odile wí. "Sọ fún un pé èyí tó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín sí ni irọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ yìí ni mo ti ń ṣe fún Odile láti ọjọ́ tó ti jáde lára mi. Kò sí ẹni tó fún mi ní ìwé rẹ̀ rí ni."

Ó fi àtàǹpàkò kan tàdáwà, ó sì tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan bí ẹni tó fẹ́ kí ìwé náà lu. Òyìnbó kò wo ojú rẹ̀ mọ́. Ó mú òǹtẹ̀ mìíràn, ó lù ú sínú pásípọ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde sí oòrùn, Zéphirin dúró létí ọ̀nà, ó ń nu ojú. Ó ní kí ni òun yóò wí nílé, kí ni òun yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n òun, ṣé kí àwọn ṣáà ní ti tùrísìtì ni wọ́n fún un?

Ìyá Odile ti ń lọ níwájú, ó di pásípọ̀ mọ́ àyà. Ó dúró, ó yíjú padà, ìbínú ò tíì kúrò lójú rẹ̀.

"O kò gbọdọ̀ purọ́ lé mi lórí mọ́. Sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti rí iṣẹ́. Bí ojú bá ń tì í, kó fi ọwọ́ bò ó."